OÒGÙN AMÚNISANRA ÀTI ÀRÙN ÌTỌ̀ ṢÚGÀ

Àgbẹ̀ tí ó kórè àgbàdo kì í jẹ gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ó ń kó o sínú àká, ó sì ń bù ú lò díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Ẹlẹ́dàá ṣètò ara ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ni àká ara: ibẹ̀ ni a ń tọ́jú ṣúgà tí ó ti inú iyán, ẹ̀kọ àti àmàlà wá.

Ìránṣẹ́ méjì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ínsúlínì a máa mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, a sì máa ti àká. Kọ́tísọ̀lù, tí í ṣe họ́mọ̀nù irú sítẹ́rọ́ìdì, a máa ti inú ẹ̀yà kékeré méjì tí ó wà lórí kíndìnrín jáde, pàápàá ní ìdájí, tàbí nígbà àìsàn àti ìbẹ̀rù. Òun ni ó ń ṣí àká. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹran ara kì í gbọ́ ti ínsúlínì dáradára mọ́, ṣúgà a sì kún inú ẹ̀jẹ̀.

Ní ọdún 1932 ni Harvey Cushing, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe àwọn aláìsàn tí ojú wọn rí rogodo, tí ikùn wọn tóbi. Kọ́tísọ̀lù àpọ̀jù ni ó ń fa àìsàn náà, ìtọ̀ ṣúgà sì sábà máa ń bá a rìn.

Ní 1948 ni a kọ́kọ́ fi kọ́tísónì tọ́jú alárùn làkúrègbé. Irú rẹ̀ ni prednisolone àti dexamethasone, oògùn rere lọ́wọ́ oníṣègùn fún ikọ́ fée àti làkúrègbé. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń rà á lọ́jà kí wọ́n lè sanra, tàbí nítorí ara ríro lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Ìsanra bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlera.

Kí ará Ilé-Ogbó kíyè sí èyí: má ṣe ra oògùn tí o kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, àárẹ̀ tàbí egbò tí kò tètè jinná bá dé, lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí o sì mú páálí oògùn náà dání. Ẹni tí ó ti ń lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ẹ̀yà tí ń ṣe kọ́tísọ̀lù ti sùn. Oníṣègùn ni yóò dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ara kì í ṣe ohun ìní ẹni. Ìríjú ni olúkúlùkù jẹ́ lórí rẹ̀.