Okùnfà Àìbalẹ̀ Ẹ́ńjìnnì Lórí Ìdúró Lẹ́yìn Pípààrọ̀ Throttle Body Ọkọ̀ Akẹ́rù

Throttle body ni ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì tí ó ń lo epo bẹntiróòlù. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù bíi Chevrolet Silverado, kọ̀ǹpútà ni ó ń darí ẹnu ọ̀nà yìí. Bí ìdọ̀tí dúdú bá ti ń dí i, kọ̀ǹpútà a máa kọ́ láti ṣí i díẹ̀ sí i. Nígbà tí a bá wá fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ìmọ̀ àtijọ́ yìí lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, kí ẹ́ńjìnnì sì máa sáré lórí ìdúró.

Okùnfà kejì ni afẹ́fẹ́ tí ó ń jò wọlé lára gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́bà tí kò jókòó dáadáa. Nítorí náà, ibi jíjò àti ìsopọ̀ wáyà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò kọ́ kọ̀ǹpútà ní ipò tuntun. Bí ibi jíjò kò bá tíì dí, àṣìṣe ni kọ̀ǹpútà yóò kọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó bá mọ ètò yìí kò ní í fi owó oníbàárà ra òmíràn lásán.