Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àléébù Tó Lè Wà Nínú Ìtọ́jú Ìsoríkọ́ Lórí Ayélujára

Ìfáárà
Ìsoríkọ́ kọjá kí inú èèyàn kàn bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Bí ìbànújẹ́ bá bá èèyàn gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun rẹ̀ dàrú, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Lóde òní, a lè gba ìtọ́jú yìí lórí fóònù. Kò gba owó ọkọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò rí aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. A kò tako ó. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni ibi tó kù sí, kí àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ lè mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí a tó darí akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀.

Ohun tí fóònù kì í fi hàn
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Olùtọ́jú tó jókòó ti aláìsàn ń rí bó ṣe wọlé, bó ṣe rù, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ẹni tó ń sunkún lè kọ ọ́ pé dáadáa ni òun wà. Fídíò sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú nìkan ló ń fi hàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè já láàárín ọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá pẹ̀lú ẹni mẹ́fà kò ní ibi tó ti lè sọ tinú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé bó bá ní òun fẹ́ pa ara òun, olùtọ́jú tó wà nílùú mìíràn lè má mọ ilé tó wà, tàbí ẹni tí yóò pè.

Ọ̀rọ̀ àṣírí
Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ní ọdún 2023, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà fẹ̀sùn kan BetterHelp pé ó fún Facebook, Snapchat àti àwọn mìíràn ní ìsọfúnni nípa àwọn oníbàárà rẹ̀ fún ìpolówó ọjà, lẹ́yìn tó ti ṣèlérí àṣírí. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó gbà láti san 7.8 mílíọ̀nù dọ́là.

Dídá ìtọ́jú ṣe
Àwọn ètò kan wà tí aláìsàn ń dá kọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2015, a tẹ ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí aláìsàn 691. Gbogbo wọn wà lábẹ́ ìtọ́jú dókítà wọn. A wá fi ọ̀kan nínú ètò méjì bẹ́ẹ̀ kún ti àwọn kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àfikún yìí kò mú kí ara wọn yá ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tó parí ètò náà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Kò yani lẹ́nu: ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀ ló ń gba okun lára èèyàn. Ẹni tí kò lè dìde wẹ̀, báwo ni yóò ṣe dá ẹ̀kọ́ mẹ́jọ parí?

Ẹ̀kọ́ láti Aro
Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí àwọn abúlé tó yí Aro ká, ní Abẹ́òkúta. Ìbátan kan ń bá aláìsàn gbé ibẹ̀, aláìsàn sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Oògùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn náà wà níbẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Kí a tó darí akẹ́kọ̀ọ́ sí ìtọ́jú orí ayélujára, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni olùtọ́jú náà, ṣé ó sì ní ìwé ẹ̀rí? Níbo ni ọ̀rọ̀ tí o bá sọ ń lọ? Ta ni wọn yóò pè bí ọ̀ràn bá le? Lẹ́yìn náà, kí olùgbaninímọ̀ràn tàbí olùkọ́ kan máa bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá sì ti dárúkọ ikú, kí a má fi fóònù lé e lọ́wọ́. Kí a mú un dé ilé ìwòsàn, kí a má sì dá a fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà.