Odò Tí Kò Mọ Oṣù Mọ́

Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, kì í ṣe ìlú odò ńlá. Orí ilẹ̀ pupa ni a tẹ̀dó sí. Àwọn odò kéékèèké àti àbàtà tí ògùrọ̀ ń hù sí ni omi tiwa. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé Odò Wémè, tí àwòrán ilẹ̀ ń kọ ní Ouémé, kún tàbí pé ó fà, àwọn ọ̀dọ́ wa a máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará àfonífojì nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ẹja àfonífojì náà wà nínú ọbẹ̀ wa.

Wémè gùn tó kìlómítà 510. Ó ṣẹ̀ láti àwọn òkè Tanéka ní ìhà àríwá Bẹ̀nẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, odò Ọ̀pará dà sínú rẹ̀, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Òjò tó ń kún un kì í ṣe òjò tiwa. Níbí, ìgbà òjò méjì ni a ní lọ́dún. Ní àríwá, ẹyọ kan ni, omi rẹ̀ a sì dé àfonífojì nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá.

Nígbà náà ni omi ń bo pápá. Àrọ̀ àti àwọn ẹja mìíràn a jáde kúrò nínú odò, wọ́n a lọ yé ẹyin sáàárín koríko. Bí omi bá ń fà, ọ̀pọ̀ a há sínú àwọn ihò gígùn tí àwọn ará Wémè gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní whédo, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kó wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹja, koríko àti apẹja, oṣù kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Bí omi bá pẹ́ dé, ẹja tó lóyún kò rí pápá yé sí. Bí ó bá tètè fà, ọmọ ẹja a gbẹ sórí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Ní 1885, àwọn Faransé la ojú omi ní Kútọnu. Láti ìgbà náà, bí odò bá rẹ̀, omi òkun a wọ Nokoué. Ìkún odò ló ń lé e padà. Koríko orí omi tí wọ́n ń pè ní jacinthe d'eau, tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, kò fẹ́ iyọ̀, ṣùgbọ́n ẹja omi dídùn náà kò fẹ́ ẹ. Kò sí omi tó wá láìmú ẹjọ́ tirẹ̀ dání.

Láàárín 1970 sí 1990, òjò dín kù káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, omi odò sì dín kù ju òjò lọ. Ẹni tó ń dá èsúsú yóò lóye rẹ̀: ilé ló ń kọ́kọ́ jẹun, ohun tó ṣẹ́ kù ni a ń dá. Ilẹ̀ àti igi ló ń kọ́kọ́ mu òjò. Bí òjò bá fi díẹ̀ dín, odò ni ìyà ń jẹ. Òjò tún padà bọ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ní 2010 omíyalé kan bá àwọn ènìyàn tó lé ní 600,000 ní Bẹ̀nẹ̀.

Ooru ló wà nídìí irú àpọ̀jù bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fi dígíríì kan gbóná sí i, ó lè gba oru omi tó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Òjò tó bá rọ̀ a wúwo. Àárín òjò kan sí èkejì a sì gbẹ ilẹ̀ kíákíá.

Àmọ́ a kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ojú ọ̀run. Gbòǹgbò ògùrọ̀ ló ń di bèbè mú, ìbòòji rẹ̀ ló sì ń mú omi tutù fún ẹja. Àwa la ń gé e, a ń dáko dé etí omi. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ lọ sí odò tó súnmọ́ yín jù lọ, ẹ fi igbá bu omi rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó silẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ pupa tí ẹ ó rí ní ìdí igbá náà, oko wa ló ti wá.