Àlàyé: Ṣé gbogbo owó tó bá tàn lábẹ́ iná UV ni ojúlówó?

Ẹ ó ti rí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń tan iná UV, iná búlúù kékeré yẹn, sí owó kí wọ́n tó gbà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bó bá ṣáà ti tàn, ojúlówó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìgbàgbọ́ yìí sì lè mú kí ẹ gba ayédèrú.

Bébà funfun tí ẹ fi ń tẹ ìwé jáde máa ń tàn yòò lábẹ́ iná yìí, nítorí èròjà tí wọ́n fi sí i kó lè funfun. Bébà owó Euro kì í tàn bẹ́ẹ̀. Àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ín inú rẹ̀ àti ibì kan lára àwòrán rẹ̀ ló ń tàn, ní àwọ̀ tiwọn.

Níbo ni àwọ̀ pupa ibẹ̀ ti wá? Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Utrecht, ní Netherlands, yẹ ìmọ́lẹ̀ náà wò, wọ́n sì rí àmì europium, irin tí wọ́n fi orúkọ Yúróòpù sọ.

Europium nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ sára. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì máa ń po iyọ̀ rẹ̀ mọ́ èròjà mìíràn nínú ethanol, wọ́n á máa rò ó títí ìyẹ̀fun yóò fi jókòó sísàlẹ̀ bí ògì, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ. Lójú ọ̀sán, ìyẹ̀fun lásán ni. Ẹ tan iná UV sí i, ó pọ́n bí ẹyin iná! Sociology ni mo kà ní yunifásítì. Idán ni mo kọ́kọ́ pè é. Èròjà tó yí irin náà ká ló ń gba ìmọ́lẹ̀, tó sì ń gbé e fún un. Weissman ló ṣàkíyèsí èyí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1942. Bí wọ́n bá lo terbium dípò europium, àwọ̀ ewé ni yóò jáde.

Ẹ̀rọ lè mọ ìyàtọ̀ tí ojú lásán ò lè rí. Ìmọ́lẹ̀ europium máa ń kóra jọ sí nǹkan bíi nanometre 612, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Ti bébà funfun máa ń fọ́n káàkiri, ó sì ń kú lójú ẹsẹ̀.

Ní ti náírà, báńkì àpapọ̀, CBN, sọ pé nọ́ńbà dúdú ara rẹ̀ máa ń di àwọ̀ ewé lábẹ́ iná UV. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ tún fi ọwọ́ pa á, kí ẹ mọ̀ bóyá ìtẹ̀ rẹ̀ le lọ́wọ́, kí ẹ sì wá okùn inú rẹ̀. Owó gidi tó bá aṣọ wọ inú omi ọṣẹ náà lè tàn yòò, torí náà ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni ní olè.