Ṣé o mọ̀? Ford dúdú, Corvette funfun

Ṣé o mọ̀ pé láti 1914 sí 1925, àwọ̀ dúdú nìkan ni Ford fi ń kun Model T? Corvette tí Chevrolet gbé jáde ní 1953 ńkọ́? Funfun ni gbogbo wọn, inú wọn pupa. Ṣùgbọ́n Model T lé ní mílíọ̀nù 15, Corvette ọdún àkọ́kọ́ yẹn kò ju 300 lọ. Abájọ tó fi wọ́n bí ojú lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ.

Ní tèmi, Model T ló dùn ún wà jù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un sáré. Bíréèkì ló wà níbi tí àwa ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré! Bí o bá rà á, tún wíwakọ̀ kọ́.