Ta Ló Mọ Ojúlówó Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè?

Ẹni tó bá jókòó láàárín àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ orí òkè àtijọ́ ṣe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó sì gbọ́ bí wọ́n ti ń jiyàn lórí bóyá bóòtù kan ti wà lára kẹ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ tàbí ẹnìkan ló wá fi há a nígbà tó yá, yóò rò pé ẹjọ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń rò. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ du ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irú Raleigh tí àwọn baba wa fi ń ti oko kòkó bọ̀. Èyí tí a ṣe fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni, tí táyà rẹ̀ sanra, tí gíà rẹ̀ sì pọ̀ tó láti gbé ènìyàn gun ibi tí ẹsẹ̀ lásán ti ń kọ̀.

Ìpínlẹ̀ California ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, ní àgbègbè Marin, lábẹ́ òkè Tamalpais, àgbà òkè tí í fi kùrukùru wé gèlè, ajókòó-gẹlẹtẹ-wo-òkun. Lẹ́yìn ọdún 1970 ni àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kẹ̀kẹ́ tí yóò lè sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta àti yanrìn láìfọ́ mọ́ wọn lábẹ́. Nígbà tí wọ́n sì rí i pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín tó lòde nígbà náà kò lè ṣe é, wọ́n padà sí ààtàn àti ẹ̀yìnkùlé àwọn tó ń ta àlòkù, wọ́n wú férémù Schwinn Excelsior tí a ti ṣe láàárín ọdún 1930 sí 1949 jáde, wọ́n bọ́ ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ dànù, wọ́n sì fi ọwọ́ bíréèkì alùpùpù àti gíà kẹ̀kẹ́ mìíràn sí i. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 1976, wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n sáré ìje lójú ọ̀nà kan nítòsí ìlú Fairfax, níbi tí ilẹ̀ ti ń já wálẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,300 láàárín nǹkan bíi máìlì 2. Bíréèkì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn a máa gbóná débi pé girísì inú rẹ̀ a jó di èéfín, wọn a sì ní láti tún òmíràn kì sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe eré náà ní Repack.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Joe Breeze, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, jókòó ti iná, tó sì ṣe férémù tuntun tí a dìídì ṣe fún òkè nìkan. Mẹ́wàá péré ni gbogbo irú rẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe, àkọ́bí wọn sì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian lónìí. Ní 1979, Gary Fisher àti Charlie Kelly, tí àwọn náà wà nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí Tom Ritchey ń ṣe férémù rẹ̀. Ní 1981, ilé iṣẹ́ Specialized gbé kẹ̀kẹ́ orí òkè Stumpjumper dé láti Japan, ayé sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó ti ilé iṣẹ́ wá kò ṣòro púpọ̀ láti yẹ̀ wò. Nọ́ńbà wà ní abẹ́ ibi tí pẹ́dà ti ń yí, ìwé ìpolówó ọjà ìgbà náà sì ń bẹ tó ń sọ ohun tó yẹ kó wà lára rẹ̀. Shimano tó ń ṣe gíà pàápàá a máa tẹ lẹ́tà méjì tín-ń-tín sára irin rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ fún ọdún, èkejì fún oṣù, tí A dúró fún 1976, tí G dúró fún 1982. Nítorí náà, ẹni tó bá ń búra pé láti 1983 ni ẹnikẹ́ni kò ti fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ òun, tí a sì bá K ní ipò àkọ́kọ́ lára gíà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò, nítorí bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Àwọn Schwinn tí a hú lóko àlòkù wọ̀nyí gan-an ni wàhálà. Kò sí ìwé ọjà kankan tó sọ bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n rí, nítorí ohun tó bá bọ́ sí olúkúlùkù lọ́wọ́ ló fi kàn án. Bí alárékérekè kan bá wá férémù 1938 tòótọ́ rí lónìí, tó wá bíréèkì 1974 tòótọ́ kún un, tó sì so wọ́n pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ yóò jẹ́ ojúlówó, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ́ irọ́. Ohun tí í tú irú wọn fó ni ọgbẹ́ ara irin: ibi tí ṣéènì ti ń ha férémù fún ọdún púpọ̀ gbọ́dọ̀ bá ibi tí ṣéènì ń gbà kọjá nísinsìnyí mu. Àwòrán tí Wende Cragg yà lójú eré Repack náà lè jẹ́rìí, bí kẹ̀kẹ́ náà bá wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ àtúnṣe kì í ṣe iṣẹ́ oníkánjú. Òpó ìjókòó ni ọ̀tá àkọ́kọ́: alumíníọ̀mù ni, inú irin ló sì wà, bí omi àti iyọ̀ bá ti ráyè wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù a jẹra, a wú, a lẹ̀ mọ́nú irin pinpin. Epo ni wọ́n ń ro sí i lọ́jọ́ dé ọjọ́, ẹni tó bá sì fi ìbínú lọ́ ọ yóò ba férémù jẹ́. Ní ti ìpẹtà, ásíìdì oxalic tí a pò mọ́ omi a máa jẹ ẹ́ kúrò, a sì máa fi ọ̀dà sílẹ̀. Àmọ́ àwọn aláìnísùúrù a gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ yanrìn lu irin, wọn a sì gbàgbé pé ara òmíràn nínú àwọn irin wọ̀nyí kò nípọn tó mìlímítà 1. Táyà a máa sán kódà bí a kò gùn ún, nítorí náà àwọn ọlọ́gbọ́n a ní táyà ìfihàn, wọn a sì ní ti ìgùn.

Ìyapa wà lórí ọ̀dà. Àwọn kan fẹ́ kí ó máa kọ mànà bí ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́, wọn a kùn ún lákọ̀tun, wọn a tún lẹ orúkọ àtẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀tẹ̀ mọ́ ọn. Èmi kò bá wọn lọ. Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀dà tó ti bó lójú òkè kò ṣeé rà padà. Kìkì ibi tí ìpẹtà bá ti ń dá irin lu ni mo gbà kí a kùn, kí olùtúnṣe sì kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ fún ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku ẹ̀hónú àwọn tó ń kó Schwinn àtijọ́ jọ, tí wọ́n gbà pé àwọn ọmọ Marin ló ba kẹ̀kẹ́ rere jẹ́, tí wọ́n sì ń fẹ́ dá ọ̀ṣọ́ rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá dá 1938 padà, 1976 ti kú nìyẹn. Ní tèmi, kẹ̀kẹ́ tí àwòrán tàbí ìwé bá jẹ́rìí pé ó sáré lójú òkè náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá ní ẹlẹ́rìí, kí wọ́n dá a padà sí Schwinn tó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin kékeré tí ẹnìkan ti jó mọ́ ọn lára fún wáyà gíà, kí wọ́n má gé e kúrò.