Bátìrì tí kò ṣe é pààrọ̀

Oníṣòwò tí bátìrì inverter rẹ̀ bá kú lónìí lè ra òmíràn lọ́la. Ti sátẹ́láìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá ti gòkè, kò tún sẹ́ni tó lè pààrọ̀ bátìrì wọn mọ́.

Ìdí nìyí tí ESA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gbalasa òfuurufú nílẹ̀ Yúróòpù, fi ní ibùdó àyẹ̀wò bátìrì sí Noordwijk, lórílẹ̀-èdè Netherlands. Sátẹ́láìtì tó wà nítòsí ayé lè wọ òkùnkùn ju ìgbà 5,000 lọ lọ́dún, bátìrì lithium-ion ló sì ń gbé e dúró níbẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á máa cháàjì bátìrì, wọ́n á máa lo iná rẹ̀, léraléra, títí wọn yóò fi mọ bó ṣe ń gbó. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ tún máa ń kan cháàjì àṣejù àti ooru, torí ẹyọ kan tó bá gbiná lè ran ìyókù.

Proba-1, tó gbéra lọ́dún 2001 pẹ̀lú bátìrì lithium-ion, ọdún méjì ni wọ́n ṣètò fún un. Ó lò ju ogún ọdún lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe máa lo bátìrì yín gbẹ, ẹ gbé e jìnnà sí ooru. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye ìgbà tó lè gba cháàjì kó tó gbó.